Ìtọ́jú Ọkàn Lórí Ẹ̀rọ: Ohun Tí Ẹni Tí Ń Bẹ̀rẹ̀ Rẹ̀ Lè Máa Retí

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa)

 

Lọ́dọọdún ni a máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa títì, omi ẹ̀rọ, ilé ìwé àti ọjà nínú ìpàdé yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkàn ẹni tí yóò rin títì náà bá dàrú, bí ọmọ tí a kọ́ ilé ìwé fún kò bá lè sùn lóru, kí ni àǹfààní iṣẹ́ wa fún un? Kò sí ìdílé kan ní ìlú yìí tí kò mọ ẹnì kan tí inú rẹ̀ bàjẹ́ títí tí kò fi lè jẹun mọ́, tàbí tí ọ̀fọ̀ kò tán nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tàbí tí ẹ̀rù ń bà láìsí ohun tí ń lé e. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Nítorí òwe yìí ni a ṣe ń fi ohun púpọ̀ pamọ́, ẹni tí ìpamọ́ náà sì ń pa lára kì í rí ibi sá sí.

Lónìí, ọ̀nà kan ti là tí kò sí láyé àwọn baba wa. Ènìyàn lè jókòó sí ilé rẹ̀, kí ó gbé fóònù tàbí kọ̀ǹpútà síwájú, kí ó sì bá ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ pé ó wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ohun tí wọn yóò bá níbẹ̀. Ohun tí a kò mọ̀ ní í sì í bà wá lẹ́rù. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ la ọ̀nà náà sílẹ̀ ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ rìn ín má baà rìn ín nínú òkùnkùn.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kan sí ipò rẹ̀. Ìtọ́jú tí a ń wí yìí kì í ṣe fún ẹni tí ń já aṣọ kiri ìgboro. Ó wà fún ẹni tí ń lọ sí ibi iṣẹ́, tí ń ta ọjà, tí ń kọ́ ọmọ, tí ó sì ń ru ẹrù wúwo nínú tí ojú kò rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni a fi ń ṣe é. Ẹni tí ara ń ni yóò sọ tirẹ̀, olùtọ́jú yóò gbọ́, yóò béèrè, àwọn méjèèjì yóò sì jọ máa tú ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ́sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ojú l'ọ̀rọ̀ wà, pé báwo ni ènìyàn ṣe lè tú ọkàn rẹ̀ fún ẹni tí kò jókòó tì í? Ìbéèrè náà dára, a ó sì dáhùn rẹ̀. Ní ọdún 1953 ni àlùfáà kan tí à ń pè ní Chad Varah bẹ̀rẹ̀ ìlà tẹlifóònù kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn tí ayé sú, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Samaritans ti ṣẹ̀, èyí tí ó wà títí di òní. Ní ọdún 1959, àwọn dókítà ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán alápá méjì tọ́jú àwọn aláìsàn. Nígbà tí ó di ọdún 1964, wọ́n ti so ara wọn pọ̀ mọ́ ilé ìwòsàn kan tí ó jìnnà sí wọn ní máìlì 112. Ohun tí a pè ní tuntun, nígbà náà, ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nígbà tí àrùn Kòrónà sì sé gbogbo ayé mọ́lé ní ọdún 2020 ni ó wá di ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń lò. Àwọn olùwádìí ti fi ọ̀nà méjèèjì wéra, wọ́n sì rí i pé fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn, ìtọ́jú orí ẹ̀rọ tí olùtọ́jú tòótọ́ ń darí ń ṣiṣẹ́ tó bí ti ojú-kojú. Wọ́n sì tún rí i pé ẹni tí a fi sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ nìkan, láìsí ènìyàn tí ń darí rẹ̀, tètè ń fi í sílẹ̀ ní àárín ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun àjèjì sí ilẹ̀ wa pé kí a wá ọ̀nà tiwa fún ìtọ́jú ọkàn. Ọdún 1907 ni ìjọba òyìnbó dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ ní Yábàá, tí ó sì jẹ́ pé ibi ìhámọ́ ni ó jẹ́ ju ibi ìwòsàn lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró tí gbogbo ayé wá kọ́. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́ àárín ògiri. Ó ní kí olúkúlùkù wọn mú ìbátan kan wá, kí wọ́n máa gbé ní abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, kí wọ́n sì padà sáàárín ènìyàn ní alẹ́. Ohun tí Dókítà Lámbò rí nígbà náà ni pé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ bá ènìyàn níbi tí ó ń gbé. Òye kan náà ni ó wà nídìí èyí tí a ń sọ lónìí. Òfin pàápàá ti yí padà: Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ ti ọdún 1958, èyí tí ó jẹ́ pé wèrè ni ó pe gbogbo aláìsàn ọkàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà.

Ohun kìíní ni yíyan olùtọ́jú. Ẹni púpọ̀ ni ó ń polówó ara rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó kọ́ṣẹ́. Ẹ má tijú láti béèrè pé: Níbo ni ẹ ti kọ́ iṣẹ́ yìí? Àjọ wo ni ó forúkọ yín sílẹ̀? Ní Nàìjíríà, bí ẹni náà bá pe ara rẹ̀ ní dókítà àrùn ọpọlọ, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àjọ tí ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni ni ó lè pe ara rẹ̀ ní olùdámọ̀ràn láìrú òfin, nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí àwọn ọmọ wa tí ó wà níbẹ̀ wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Ẹ sì mọ ìyàtọ̀ yìí: dókítà àrùn ọpọlọ lè kọ oògùn fún yín; ọ̀pọ̀ àwọn yòókù kò lè kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ni oògùn tiwọn. Ẹ tún béèrè bóyá ènìyàn ni yóò máa dá yín lóhùn tàbí ẹ̀rọ. Ní ọdún 1966, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, Joseph Weizenbaum, fi ètò kọ̀ǹpútà kan hàn tí ó ń dáhùn bí olùtọ́jú ọkàn. Ẹnu yà á láti rí i pé àwọn ènìyàn ń tú àṣírí wọn fún un, bẹ́ẹ̀ kò sì yé ẹ̀rọ náà rárá. Àwọn ẹ̀rọ òde òní gbọ́n ju ìyẹn lọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yín ni láti mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun kejì ni owó. Ẹ béèrè iye tí ìjókòó kọ̀ọ̀kan jẹ́, ìgbà tí a ó san án, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ kò bá lè wá ní ọjọ́ àdéhùn. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ètò ìlera ìjọba níbẹ̀ ní irú ìtọ́jú yìí lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé àgbàlagbà lè fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún un láìkọ́kọ́ lọ bá dókítà.

Ohun kẹta, èyí tí ó ṣòro jù fún àwa tí ń gbé agbo ilé, ni ibi tí a ó jókòó sí. Ògiri létí. Ẹni tí ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ẹni mẹ́ta kò lè sọ ohun tí ọkọ, ìyàwó, ìyá tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe fún un, kí olúwarẹ̀ sì wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Àwọn kan máa ń jókòó sínú ọkọ̀ tí a ti gbé sí ibi jẹ́ẹ́. Àwọn kan máa ń tan rédíò sí ẹnu ọ̀nà kí ohùn wọn má baà jáde. Gbogbo wọn ni ó yẹ kí wọ́n fi íápíìsì sí etí, kí ó má baà jẹ́ pé ohùn olùtọ́jú ni aládùúgbò yóò gbọ́. Bí kò bá sí ibi ìkọ̀kọ̀ rárá, ẹ sọ fún olùtọ́jú. Ó lè béèrè ìbéèrè tí ẹ ó máa fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn, tàbí kí ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara yín.

Ohun kẹrin ni ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ ti gba iná sí fóònù kún kí àkókò tó tó, nítorí pé iná ìjọba kì í dá àdéhùn. Ẹ ra dátà tí yóò tó. Àwòrán ń jẹ dátà ju ohùn lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá sì dára, ẹ pa àwòrán, kí ẹ fi ohùn nìkan ṣe é. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí fóònù tí ọmọdé àti àgbà ń gbà lò nínú ilé.

Wàyí o, ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí àwọn bá ti wọlé ni a ó ní kí àwọn máa sọkún, tàbí pé a ó sọ ohun tí ń ṣe àwọn fún àwọn bí ìgbà tí a dá Ifá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìdánimọ̀ ni. Ìjókòó kan kì í sábà ju àádọ́ta ìṣẹ́jú lọ, tàbí wákàtí kan. Olùtọ́jú yóò kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹ wà gan-an ní wákàtí náà, àti orúkọ ẹnì kan tí òun lè pè bí ewu bá dé. Kì í ṣe òfófó ni ó ń ṣe: ó jìnnà sí yín, bí ara yín bá yí padà, kò lè na ọwọ́ kàn yín. Ní Amẹ́ríkà, ìdí kejì tún wà níbẹ̀, nítorí pé ìpínlẹ̀ tí aláìsàn wà ni ó sábà máa ń pinnu bóyá olùtọ́jú ní ẹ̀tọ́ láti tọ́jú rẹ̀. Yóò sì bá yín ṣe àdéhùn ẹni tí yóò tún ẹnìkejì pè bí ìlà bá já. Bí ó bá já ní àárín ọ̀rọ̀ tí ó dùn yín, ẹ má rò pé ó kọ̀ yín sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni yóò sọ ọ̀rọ̀ àṣírí, kí ẹ sì fetí sílẹ̀ dáadáa níbẹ̀. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, olùtọ́jú tòótọ́ sì mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ: ohun tí ẹ bá sọ kò ní ti ẹnu rẹ̀ dé etí ìyàwó, ọ̀gá ibi iṣẹ́ tàbí pásítọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ààlà wà. Bí ẹ bá fẹ́ pa ara yín, bí ẹ bá fẹ́ pa ẹlòmíràn lára, bí a bá ń ṣe ọmọdé níkà, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, ó lè di dandan fún un láti sọ̀rọ̀ jáde. Ẹni tí kò bá sọ ààlà yìí fún yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ bi í léèrè.

Ó lè fún yín ní fọ́ọ̀mù kan láti kún. Ọ̀kan tí a ń lò káàkiri ayé ní ìbéèrè 9 nípa ọ̀sẹ̀ 2 tí ó kọjá: bí ẹ ti sùn, bí ẹ ti jẹun, bóyá ohun tí ó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́. Ẹ ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òǹkà láti 0 dé 3, gbogbo rẹ̀ kò sì lè ju 27 lọ. Òṣùwọ̀n ni, kì í ṣe ìdájọ́. A ó tún fún yín ní irú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a lè mọ̀ bóyá ara ń yá.

Ní ti èdè, ẹ sọ ọ́ bí ó ti ń ṣe yín. Ọmọ Yorùbá kan lè wí pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú orí òun, pé àyà òun ń já. Olùtọ́jú tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa lè ti gbọ́ nípa òde orí rí. Òyìnbó tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè má gbọ́ ọ rí, ó sì lè rò pé dókítà orí fífọ́ ni ẹ ń wá. Ẹ ṣàlàyé fún un. Ẹ̀rọ ti fún wa ní àǹfààní kan ní ibí yìí: ẹni tí ó bá wà ní ìlú tí kò sí ọmọ Yorùbá kan lè wá olùtọ́jú tí ó gbọ́ èdè ìyá rẹ̀, níwọ̀n bí òfin ibẹ̀ bá ti gbà á. Ọ̀fọ̀ ìyá ẹni kì í sábà tú jáde tán ní èdè tí a fi ń ṣiṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ìdákẹ́jẹ́ yóò wà nígbà mìíràn. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹkún lè dé. Kò sí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín yín. A lè fún yín ní iṣẹ́ ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, bíi kí ẹ kọ èrò tí ó wá sí ọkàn yín nígbà tí ẹ̀rù bà yín, tàbí kí ẹ lọ sí ibi kan tí ẹ ti ń sá fún. Nínú irú ìtọ́jú kan tí a ń lò púpọ̀, ìjókòó 6 sí 20 ni ó sábà máa ń gbà. Lẹ́yìn ìjókòó mélòó kan, ó lè dà bí ẹni pé ọkàn tún wúwo sí i, nítorí pé egbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ń ta ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń padà sẹ́yìn nìyí. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ sọ fún olùtọ́jú pé ó rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ má ṣe pòórá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ yín àti tirẹ̀ kò bá wọ̀ lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ lè yan ẹlòmíràn. Kò ní bínú. Bí ó bá sì bínú, ẹ ti mọ̀ pé ẹ ṣe ohun tí ó tọ́.

A kò ní parọ́ fún yín pé ẹ̀rọ wo gbogbo àrùn. Ẹni tí ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹni tí kò jẹun tí kò sùn fún ọjọ́ púpọ̀, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń nà tí ó sì ń yẹ fóònù rẹ̀ wò: ìwọ̀nyí nílò ènìyàn tí yóò wà níwájú wọn. Ẹni tí ó bá sì ti ń ro bí òun yóò ṣe kú kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ àdéhùn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 999 ni, àwọn Samaritans sì wà lórí 116 123 lọ́sàn-án àti lóru. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù keje ọdún 2022, 988 ni.

Ẹ̀yin ará wa, ó ku ẹ̀bẹ̀ tí a mú wá síwájú Ẹgbẹ́. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí tí a ń kó àga tí ó ti ṣẹ́ sí. A ń bẹ̀ yín kí a kó àwọn àga náà kúrò, kí a fi ilẹ̀kùn tí ó ní kọ́kọ́rọ́ sí i, tábìlì kan, àga kan, iná oòrùn àti nẹ́tíwọ̀kì. Kí ẹnikẹ́ni nínú ìlú lè gbà á fún wákàtí kan láìsanwó. Nínú ìwé tí akọ̀wé yóò máa kọ, wákàtí nìkan ni kí a kọ, kí a má kọ orúkọ, kí a má sì béèrè ohun tí olúwarẹ̀ fẹ́ lọ ṣe. Kí ẹni tí ń wá iṣẹ́ lò ó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí akẹ́kọ̀ọ́ lò ó fún ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun lò ó láti bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè nawọ́ sí ẹni tí ó ń jáde níbẹ̀ pé, wò ó, ọkàn rẹ̀ ni kò dá. Iye tí yóò ná wa kò tó ohun tí a ń ná lórí aṣọ ẹgbẹ́jọdá ní ọdún kan.

Ẹ̀bẹ̀ kejì jẹ́ ti àwọn ẹ̀ka wa tí ó wà ní òkè òkun. Ẹ bá wa ṣe ìwé kan tí a ó kọ orúkọ àwọn olùtọ́jú tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ tí wọ́n sì gbọ́ Yorùbá sí, kí a lè tẹ̀ ẹ́ sínú Ìwé Ọdún tí ń bọ̀. Ẹ má sì fi iṣẹ́ tí ẹ ń rán sílé di àjàgà sí ọrùn ẹni tí agbára rẹ̀ ti tán, tí ó ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán nítorí pé ilé ń wò ó.

Ẹ̀bẹ̀ ìkẹyìn kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun ń lọ gba irú ìtọ́jú yìí, ẹ má sọ fún un pé kí ó lọ gbàdúrà dípò rẹ̀, ẹ má sì sọ pé ìran yín kò ní irú rẹ̀. Àdúrà dára, ó sì lè máa bá ìtọ́jú lọ. Ẹ bi í pé aago mélòó ni ìjókòó rẹ̀, kí ẹ sì kó àwọn ọmọdé jáde kúrò nínú yàrá fún un.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.  Kí Ọlọ́run fi ọkàn tí ó dá ṣáṣá fún gbogbo ọmọ ìlú yìí, nílé àti lẹ́yìn odi. Kí Ẹgbẹ́ wa máa lọ síwájú. Àṣẹ.